Odò Tó Ku Ọjọ́ Kan: Èmi, Màmá àti Àwọn Tó Ń Méfò ní Magic Kingdom

Àríyànjiyàn lórí àdúgbò tuntun tí Disney fẹ́ kọ́ fún àwọn aṣebi inú ìtàn wọn ti gba gbogbo orí ọkọ̀ ojú omi náà kan. Ọkùnrin kan tó dé fìlà eletí eku ní dírágónì tí àjẹ́ Maleficent máa ń dà ni wọ́n máa fi ṣe roller coaster, ìyẹn ọkọ̀ eré tó ń sáré lórí irin, kò sí àní-àní. Ìyàwó rẹ̀ ní kó dákẹ́, pé Ursula, àjẹ́ inú omi, ló yẹ kó ní ilé tó tóbi jù. Àkàndé ọmọ mi, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè, ti kó sí i lẹ́nu pé àwọn méjèèjì ò mọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni Màmá ti fà mí láṣọ.

"Omi yìí ńkọ́?" ni wọ́n wí. "Ibo ni wọ́n fẹ́ kó omi yìí gbà?"

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 5 oṣù Keje, 2025. Orí àjà kejì nínú ọkọ̀ Liberty Belle la wà, ní Magic Kingdom, ọgbà ìgbafẹ́ Disney ní Orlando. Odò tí à ń wọ̀ yìí, Rivers of America lorúkọ rẹ̀, ku ọjọ́ kan péré. Tí Sọ́ńdè ọjọ́ 6 bá ti parí, ọkọ̀ náà ò ní ná mọ́, erékùṣù Tom Sawyer tó wà láàárín odò ò ní gbàlejò mọ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí yóò sọ ojú odò di ilẹ̀. Ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi wá nìyẹn. À ń ṣe ìdágbére fún ohun àtijọ́, ẹnu wa ò sì kúrò lórí tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, 2024, Disney ṣe àpéjọ D23 fún àwọn olólùfẹ́ wọn ní Anaheim, California. Josh D'Amaro, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ wọn nígbà náà, bọ́ sórí pèpéle, ó sì kéde pé wọ́n máa kọ́ àdúgbò tuntun méjì sí Magic Kingdom. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù Cars, òkè àti igbó ni wọ́n máa gbé e kalẹ̀ sí. Ìkejì ni ti àwọn Villains, ìyẹn àwọn ọ̀dájú, àjẹ́ àti aṣebi inú ìtàn Disney. Ohun tí wọ́n sọ nípa tàwọn aṣebi yìí ò pọ̀ rárá: eré ńlá méjì, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù, àti àwòrán òkùnkùn kan tí àwọn ilé gogoro inú rẹ̀ lọ́ bí gbòǹgbò igi. Wọn ò dárúkọ eré kankan. Wọn ò dá ọdún tí wọ́n máa ṣí i.

Ẹni tó bá mọ àwọn olólùfẹ́ Disney mọ̀ pé bí ẹni ju egungun kan sáàárín ogún ajá lèyí. Ọ̀rọ̀ ọgbà àwọn aṣebi ti wà lẹ́nu wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún bí àhesọ lásán. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ó ti di òótọ́, Àkàndé pariwo nínú pálọ̀ wa ní Atlanta débi tí ìyá rẹ̀ fi rò pé omi gbígbóná ló dà sí i lára. Ọmọ ọdún 11 ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ní ìwé kan tó ń kọ àbá sí.

Èmi ni mo ní ká wá wo odò náà kí wọ́n tó dí i. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ náà, nítorí náà Màmá, tó ti Ìbàdàn wá kí wa, ló gba ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ Jímọ́ la gbéra. A tọ I-75 lọ sí gúúsù fún nǹkan bíi wákàtí méje, yàtọ̀ sí ìdúró tí Àṣàkẹ́, àbúrò Àkàndé, ń fi ìtọ̀ dá wa dúró. Màmá ti din chin-chin kún ike méjì. Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, wọ́n ní ṣé owó oúnjẹ ibẹ̀ ni mo ti kó pamọ́? Mi ò fèsì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ti gbọ́n àpò mi. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 10, àgbàlagbà ni lójú wọn nídìí owó. Disney ò kúkú kọ̀ kéèyàn gbé ìpanu wọlé, chin-chin náà ló sì gbà wá. Hòtẹ́ẹ̀lì tá a sùn sí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń kán omi sórí bẹ́ẹ̀dì mi mọ́jú.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò sọdá la wọ̀ gba orí adágún Seven Seas Lagoon dé ẹnu ọgbà. Màmá fẹ́ràn èyí gan-an. Wọ́n di irin mú, wọ́n tẹ̀ síwájú, atẹ́gùn ń fẹ́ ìborùn wọn. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ yìí á jẹ́ ọjọ́ omi.

A ò yà síbì kankan, Liberty Square, níbi tí ọkọ̀ Liberty Belle ti ń gbéra, la gbà lọ tààrà. Èrò pọ̀ bí ọjọ́ ọdún. Àwọn kan wọ aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ náà sí, obìnrin kan ń fi áńkáṣíìfù nu ojú, mi ò mọ̀ bóyá òógùn ni àbí omijé. Orí ìlà la ti pàdé abúrò kan. Ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa ló bá dọ̀bálẹ̀ ìdajì fún Màmá láàárín ọ̀pọ̀ òyìnbó.

"Ẹ kú ìgbádùn, Màmá wa. Ẹ kú oòrùn."

"O ṣé, ọmọ mi. Ìwọ náà wá wo odò?"

Houston ló ti wá, iṣẹ́ ìlé kíkọ́ ló sì ń ṣe. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ọ̀gá ni nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Àkàndé ṣí ìwé àbá rẹ̀ hàn án. Ó kà á látòkè délẹ̀ láìrẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún mi, "ẹ má gba àwọn tó ń ya àwòrán kiri gbọ́. Ìwé àṣẹ ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ó ṣàlàyé rẹ̀. Ní Florida, èèyàn ò lè dí omi tàbí gbẹ́ ilẹ̀ bó ṣe wù ú, àfi kó gbé ìwé lọ bá àjọ tó ń bójú tó omi ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Ìwé yẹn kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á. Inú ibẹ̀ làwọn olólùfẹ́ ti ń wo ìlà tí wọ́n fà sórí máàpù: ibi tí ilé máa wà, ibi tí omi máa dúró. Àwọn mìíràn ń bá ọkọ̀ òfuurufú fò kọjá lókè, wọ́n ń ya fọ́tò erùpẹ̀. Wọ́n á wo òkìtì yanrìn kan, wọ́n á ní ihò Ursula nìyẹn. Abúrò ní erùpẹ̀ ni erùpẹ̀ ń jẹ́.

Àbá tó pọ̀ jù nínú ìwé Àkàndé ni ti ilé Maleficent tó ga ju ààfin Cinderella lọ. Abúrò fi lápíìsì fa ìlà sí i. Ààfin Cinderella ga ní ẹsẹ̀ bàtà 189. Tí ilé bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 200, òfin ọkọ̀ òfuurufú lè ní kí wọ́n gbé iná ìkìlọ̀ sórí rẹ̀, Disney ò sì fẹ́ iná pupa tó ń ṣẹ́jú lórí ilé inú ìtàn. Ìdí tí òkè Expedition Everest tí wọ́n kọ́ sí Animal Kingdom, ọgbà Disney mìíràn, fi dúró díẹ̀ kí ó tó pé 200 nìyẹn. "Nítorí náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré ni Maleficent rẹ ní láti fi yan fanda." Àkàndé kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n jọ jiyàn lórí Gaston náà, aṣebi inú fíìmù Beauty and the Beast, tó ti ní ilé ọtí tirẹ̀ ní àdúgbò Fantasyland nínú ọgbà yìí láti 2012. Ṣé wọ́n máa ṣí i lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni? Èyí ò jọ mí lójú. Ohun tó jọ mí lójú ni ohun tí obìnrin kan níwájú wa yíjú sọ: pé òun ò ní gba ohunkóhun gbọ́ títí òun á fi rí bíríkì. Ó rántí ilé tíátà tí Disney kéde ní 2017 pé wọ́n máa kọ́ sí Main Street nínú ọgbà yìí kan náà. Kò sí tíátà níbẹ̀ dòní. Abúrò ní tàwọn aṣebi yìí yàtọ̀, nítorí Universal tí wọ́n jọ ń du oníbàárà ní Orlando ti ṣí ọgbà tuntun wọn, Epic Universe, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, apá kan ibẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀dá Frankenstein àti àwọn abàmì ẹgbẹ́ rẹ̀. Disney ò lè káwọ́ gbera. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìdíje ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju ìlérí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn la wọkọ̀. Liberty Belle kì í ṣe ohun ìṣeré lásán: ooru omi híhó ló ń yí àgbá pupa ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ irin kan wà lábẹ́ omi tó ń tọ́ ọ sọ́nà, nítorí náà kò lè ṣìnà láé. Ìdajì máìlì ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Fèrè rẹ̀ ké, Àṣàkẹ́ di etí, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ibi tí àríyànjiyàn ti tún gbóná nìyẹn, tí Màmá sì bi mí ní ìbéèrè wọn.

Mo gbé e fún abúrò. Ó ní omi ò lè ṣàdédé pòórá, ohun tí àjọ yẹn fi ń gba ìwé gan-an nìyẹn, kí wọ́n lè mọ ibi tí òjò á máa gbà tí odò ò bá sí mọ́. Màmá mi orí, kì í ṣe orí ìgbàgbọ́.

"Mo wà n'Íbàdàn ní 1980," ni wọ́n wí. "Omíyalé Ògùnpa. Àwọn èèyàn ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, wọ́n ti da pàǹtírí dí i. Òjò wá rọ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ọmọ mi, ẹ̀rọ ìránṣọ mi, irin ni, odò gbé e lọ bí ewé."

Abúrò ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin eletí eku ò gbọ́ Yorùbá, ó ṣì ń sọ ti dírágónì. Lápá òsì wa, òkè Big Thunder, roller coaster kan tí wọ́n ti tì fún àtúnṣe láti oṣù Kìíní dúró láìsí ẹnì kan lórí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ti àwọn aṣebi máa wà, ti àwọn ọkọ̀ á sì gba ojú omi tá a wà lórí rẹ̀. Mo gbìyànjú láti rí i lójú inú. Igi ni mo rí.

Òjò Florida bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, bó ṣe máa ń ṣe. A sá sábẹ́ òrùlé kan, a gbé chin-chin jáde. Àṣàkẹ́ bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè pé ṣé ìwọ̀nyí burú ju Ìjàpá lọ. Màmá ti pa àlọ́ fún wọn lálẹ́ àná, Ìjàpá jí iṣu Yánníbo nínú ọ̀kan, ó tan àna rẹ̀ jẹ nínú èkejì.

"Ìjàpá? Ìjàpá burú púpọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́?"

Màmá wò ó. "Tá a bá yọ Ìjàpá kúrò, àlọ́ wo ló kù?"

Àkàndé gbé ìwé rẹ̀ jáde, ó kọ Ìjàpá sí ìsàlẹ̀ àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀, ó sì ya ilé kan fún un tí ìkarahun jẹ́ òrùlé rẹ̀. Nínú gbogbo àbá tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló wù mí láti san owó wò. Tèmi rèé, tẹ́ ẹ bá bi mí: ọ̀kan nínú eré méjèèjì á jẹ́ roller coaster, èkejì á jẹ́ èyí tí èèyàn á jókòó wò nínú òkùnkùn, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á ti máa ta ìwo Maleficent ló sì máa kọ́kọ́ kún. Ẹni tó bá dárúkọ ọdún fún yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Erékùṣù Tom Sawyer, ìlà ibẹ̀ gùn jù fún ẹsẹ̀ Màmá, a ò lọ. Haunted Mansion, ilé àwọn iwin, wọ́n ní àwọn ò lè fi owó ra ìbẹ̀rù.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tá a padà sí etí adágún. Abúrò Houston ti fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ti sọ fún mi kó tó lọ pé erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ṣe adágún yìí ni wọ́n kó lọ bo àwọn ọ̀nà abẹ́lẹ̀ Magic Kingdom kí ọgbà náà tó ṣí ní 1971. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe odò méjèèjì. Ọkọ̀ tó dé gúnlẹ̀ níwájú wa ní orúkọ lára: Richard F. Irvine. Mo dúró wò ó. Orúkọ yẹn ni Liberty Belle ń jẹ́ láti 1973 títí di 1996 tí wọ́n fi yí i padà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá bí a ṣe ń wọlé, Àṣàkẹ́ ti sùn léjìká mi.

"Èyí ńkọ́," ni wọ́n wí, "wọn ò ní dí i?"

"Rárá, Màmá. N kò tíì rí ìwé rẹ̀."

Wọ́n ní ká lọ sí iwájú, níbi tí atẹ́gùn wà.