Afárá Olórùlé Mẹ́rin ní Cornish

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá la wà yìí. Ewé igi ti pupa fòò lẹ́bàá odò Connecticut, ọkọ̀ sì kún ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ rí afárá olórùlé mẹ́rin lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìlú Cornish ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, ni kó forí lé. Ọwọ́ James Tasker, ọ̀gá kan tó ń kọ́ afárá, wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé nítorí kí òjò má pa èrò ni wọ́n ṣe kan òrùlé lé afárá. Rárá o. Igi tó gbé afárá ró ni wọ́n ń dáàbò bò. Ibi tí igi méjì ti pàdé lomi ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹrà. Láìsí òrùlé, agbára káká ni kó fi lo ogún ọdún. Èyí tí Tasker àti Bela Fletcher kọ́ ní 1866 láti Cornish dé Windsor ní Vermont ṣì ń gbé mọ́tò dòní.

Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 449, dọ́là 9,000 ni wọ́n ná lé e. Ẹ dúró lẹ́nu rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú: igi dábùú igi bí àwọ̀n apẹja. Ithiel Town, ayàwòrán ilé ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbàwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ọ̀nà ìkọ́lé yìí ní 1820, ṣùgbọ́n pákó pẹlẹbẹ ni tirẹ̀. Tasker lo ìtì igi onígun mẹ́rin, ó sì gbẹ́ ojú wọn kí wọ́n lè wọnú ara wọn.

Àwọn kékeré ló dùn mọ́ mi jù: Blow-Me-Down (1877), Blacksmith Shop (1881) àti Dingleton Hill (1882), tí dọ́là 812 péré parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí igi ìsàlẹ̀ ti jókòó lórí òkúta etídò. Erùpẹ̀ tí táyà gbé wọlé máa ń kó jọ síbẹ̀, á mumi, kò sì ní í tètè gbẹ. Àárín igi lè le koko kí orí rẹ̀ níbẹ̀ ti jẹrà débi tí ọ̀bẹ á fi wọlé wẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbígbá erùpẹ̀ kúrò lórí afárá fi jẹ́ ìtọ́jú gidi.

Ọkọ̀ akẹ́rù tún ń ba irú afárá bẹ́ẹ̀ jẹ́. Máàpù inú fóònù kì í sábà mọ gíga òrùlé, awakọ̀ á kàn wọlé, á sì ya igi ẹnu ọ̀nà. Ẹ ka pátákó gíga àti ìwúwo kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn, ẹ tan iná, ẹ rọra wọlé. Blacksmith Shop ti di ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan.

Ẹ má lọ ní oṣù Kẹta sí Kẹrin. Yìnyín ń yọ́ nígbà yẹn, ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà á di ẹrẹ̀, ọkọ̀ kékeré á sì rì síbẹ̀.