Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo ń fi àpótí ìdákọ̀ró sí ìkànnì kan

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi WordPress (ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì) ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí mo rò pé n óò parí kí ọ̀sán tó pọ́n ni ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìkànnì Yorùbá kan ni, àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ gùn, àwọn òǹkàwé sì máa ń fi líǹkì ìsọ̀rí kan ṣoṣo ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Orúkọ tó wà lẹ́yìn àmì # nínú líǹkì bẹ́ẹ̀ ni ìdákọ̀ró. Ó gbọ́dọ̀ bá “id”, ìyẹn orúkọ ìdánimọ̀ tó wà lára àkọlé nínú kóòdù ojú-ewé, mu ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni mo kọ kóòdù tó ń fa orúkọ náà yọ láti inú àkọlé, mo sì rò pé mo gbọ́n. Ní ọjọ́ kan, olóòtú wa fi àmì ohùn sí “Oriki Ibeji”, ó di “Oríkì Ìbejì”, bí ó ti yẹ. Láti ìgbà náà, gbogbo líǹkì tí àwọn ènìyàn ti pín kiri ń já sí òkè ojú-ewé. Kò sí àṣìṣe 404 (èyí tó ń sọ pé a kò rí ojú-ewé), kò sì sí ohunkóhun nínú àkọsílẹ̀ sáfà, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀, nítorí aṣàwákiri kì í fi ohun tó wà lẹ́yìn # ránṣẹ́ síbẹ̀ rárá. Òǹkàwé kan ló ta wá lólobó.

WordPress ní àpótí ìdákọ̀ró tirẹ̀ nínú abala “Advanced”, ṣùgbọ́n kò wúlò fún wa, torí pé inú custom fields (àwọn àpótí àfikún tí a fúnra wa ṣe) ni àwọn ìsọ̀rí wa wà. Mo bá fi àpótí kan síbẹ̀, mo ní kí olóòtú tẹ ohun tó bá wù ú. Àmì ohùn tún kó mi síṣẹ́. “Ọ̀” tí ẹnì kan tẹ̀ lórí fóònù lè jẹ́ ọ tí a gbé àmì lé lórí, kí ti ẹlòmíràn jẹ́ ò tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni wọ́n lójú aṣàwákiri. Bí a bá sì ṣe àdàkọ líǹkì náà, ọ kékeré kan ṣoṣo lè di %E1%BB%8D. Ìdí nìyí tí àpótí náà fi ń gba a dé z, 0 dé 9 àti dáàṣì nìkan, láìsí àlàfo.

Yíyọ àmì kúrò nìkan kò tó, torí pé olóòtú lè sọ àkọlé náà di “Oríkì Àwọn Ìbejì” lọ́la. Bí àpótí bá ṣófo, kóòdù á fa orúkọ yọ lẹ́ẹ̀kan péré, á fi pamọ́, kò sì ní yí i padà mọ́, bí a tilẹ̀ tún àkọlé ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún. Kì í sì í gba orúkọ tó bá ti wà lójú-ewé kan náà, nítorí ti àkọ́kọ́ nìkan ni aṣàwákiri ń lọ bá. Ní ti àwọn líǹkì àtijọ́, mo fi “span” òfìfo (àmì kóòdù tí òǹkàwé kò lè rí) tó ní “id” àtijọ́ síwájú àkọlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.