Oògùn tó ń mú ọtí dá lójú wà o, wọn ò kàn tà á ni

Ní 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fún eku ní ọtí títí ó fi yó, wọ́n wá fún un ní oògùn kan tí ilé iṣẹ́ Roche ṣe, Ro15-4513 lorúkọ ẹ̀, eku bá ń rìn bí ẹni tí ò mu nǹkan kan. Ẹ ò rí i pé owó ńlá nìyẹn? Ṣùgbọ́n wọn ò tà á fáráyé, tèmi sì ni pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ara sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láwọn rìsẹ́pítọ̀ wà, àwọn ló ń gba iṣẹ́ tí kẹ́míkà bá gbé wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní GABA-A máa ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, ọtí á wá fún un lágbára sí i, NMDA ní tiẹ̀ máa ń ta ọpọlọ jí, ọtí á dí i lọ́wọ́, ló fi jẹ́ pé ahọ́n á máa lọ́, ẹsẹ̀ ò ní gbani dúró mọ́, tó bá wá pọ̀ jù, ilẹ̀ á mọ́, èèyàn ò ní rántí gbogbo ìsọkúsọ tó sọ. Ara GABA-A yìí náà ni Ro15-4513 ń lẹ̀ mọ́, níbi tí Valium, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, ń lẹ̀ mọ́ gan-an, àmọ́ òdìkejì iṣẹ́ Valium ló ń ṣe.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ò dín kù rárá! Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣe é, kò sẹ́ni tó lè lé e sáré. Oògùn yẹn ò lè gba ẹni tó mu èyí tó lè pa á sílẹ̀, ó tún lè fa gìrì. Ẹ wá ro ẹni tó lò ó, tójú ẹ̀ dá, tó ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.

Irú ẹ̀ náà ni kọfí, adenosine tó ń mú oorun kunni ló ń dí lọ́nà, ojú á là kedere, ọtí ṣì wà níbẹ̀ digbí. Abájọ tí FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fi kìlọ̀ fáwọn ilé iṣẹ́ tó ń po kaféènì, ìyẹn èròjà inú kọfí, mọ́ ọtí ní 2010.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni naltrexone, oògùn tí FDA fọwọ́ sí fún ìtọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún ní 1994. Tá a bá mutí, ọpọlọ máa ń tú endorphin jáde, ibẹ̀ ni adùn ẹ̀ ti ń wá, naltrexone á wá jókòó sórí rìsẹ́pítọ̀ tó yẹ kó gbà á. Ẹni tó lò ó ṣì máa yó tó bá mutí o, ẹ má ṣì mí gbọ́, adùn yẹn ni ò ní tó ti tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì tipa bẹ́ẹ̀ dín in kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Àmọ́ ẹni tó bá ń lo tramadol tàbí codeine ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án láìrí dókítà, torí rìsẹ́pítọ̀ kan náà làwọn yẹn ń lò, á lé wọn kúrò níbẹ̀ lójijì, ara tí wọ́n ti mọ́ lára á sì dojú rú: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ara ríro, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.