Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́: iṣẹ́ òbí nínú ẹ̀kọ́ Kristẹni ti ìlànà àtayébáyé

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní ọjọ́ Ìkórè àwọn ọmọdé ní ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, dúró níwájú ìjọ, ó sì ka Orin Dáfídì kẹtàlélógún ní àkọ́sórí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìṣì ọ̀rọ̀ kan pè. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí a délé, ìyá mi fà á mọ́ra, wọ́n sì bi í léèrè pé, "Kí ni olùṣọ́-àgùntàn ń fi ọ̀gọ ṣe, kí ni ó sì ń fi ọ̀pá ṣe?" Ọmọ náà wo ojú mi. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá àgbà ń béèrè, nítorí pé ní èdè Yorùbá ni ìbéèrè náà ti wá. Èmi ni mo kọ́ ọ ní àkọ́sórí yẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ́ ọ ní gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bá a jíròrò ẹyọ kan nínú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tí olùkọ́ kò lè bá mi ṣe, bí ó ti wù kí n san owó ilé-ìwé ní àsìkò tó. Iṣẹ́ náà ni pé kí n rí i dájú pé ohun tí ọmọ bá kọ́ ní kíláàsì rí ẹnu sọ nílé, ní èdè tí a fi ń jẹun, tí a fi ń gbàdúrà, tí a sì fi ń bá ara wa wí.

Fún àwọn tí kò tíì mọ ẹ̀kọ́ Kristẹni ti ìlànà àtayébáyé, irú èyí tí àwọn ọmọ mi ń kọ́ ní ilé-ìwé, ìpele mẹ́ta ni ó ní. Gírámà ni àkọ́kọ́, níbi tí ọmọ ti ń kó ọ̀rọ̀, orúkọ, ìtàn àti òfin èdè sórí. Lọ́jíìkì ni ó tẹ̀lé e, níbi tí ó ti ń kọ́ bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí ó lè mọ èyí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, níbi tí ó ti ń kọ́ bí a ti ń gbé òtítọ́ kalẹ̀ tí yóò fi wọ olùgbọ́ lọ́kàn. Àtijọ́ ni wọ́n ti là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1947, Dorothy Sayers, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba, sọ̀rọ̀ ní Oxford, ó sì fi ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé bí ọmọ ti ń dàgbà. Ọjọ́ orí odídẹrẹ́ ni ó pe àkọ́kọ́, nítorí pé inú ọmọdé a máa dùn láti tún ohun tí ó bá gbọ́ sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà wà lára ohun tí ó ta àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà jí, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Àwọn ará àdúgbò wa kan rò pé ohun àjèjì ni, wọ́n sì máa ń bi mí pé kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú fẹ́ fi Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀, ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó fẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, dá CMS Grammar School, ilé-ìwé ẹgbẹ́ ajíhìnrere Church Missionary Society, sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, Látìn, Gíríìkì, lọ́jíìkì, ìṣirò, jẹ́ómẹ́tìrì àti ìmọ̀ Bíbélì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa pẹ̀lú: ọdún 1913 ni wọ́n dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ láti ọdún 1919 títí di 1932. Ọ̀rọ̀ náà "girama" tí àwọn òbí wa fi ń yangàn pé ọmọ àwọn ti jáde, orúkọ ìpele àkọ́kọ́ inú ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni. Bàbá mi jáde girama ní ọdún 1961, títí di ọjọ́ alẹ́ wọn ni mo sì máa ń gbọ́ tí wọ́n ń ka amo, amas, amat ("mo fẹ́ràn, o fẹ́ràn, ó fẹ́ràn" ní Látìn) bí wọ́n bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀.

Crowther alára ni mo máa ń fi dáhùn. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere ní Sierra Leone, ní ọdún 1827, ó kọ́ Látìn, ó kọ́ Gíríìkì, ó sì kó gbogbo rẹ̀ padà sínú èdè Yorùbá. Odindi Bíbélì tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe jáde ní ọdún 1884, òun náà sì ni ìyá mi ń kà títí di òní. Ohun tí ó kọ́ ní òkèèrè padà wá di ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà lè fi bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè. Bí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi kò bá rí bẹ́ẹ̀, n kò ní ka ọ̀pọ̀ Látìn sí àṣeyọrí.

Ohun tí a wá ń ṣe nílé kò ṣòro. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, a ó kó gbogbo fóònù sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tèmi pẹ̀lú, ẹnì kan yóò sì ka ìwé sókè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó lè jẹ́ ìtàn inú Bíbélì, ó lè jẹ́ ìtàn ilẹ̀ Róòmù tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, ó sì lè jẹ́ ìtàn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892. Lẹ́yìn náà a ó pa ìwé dé, ọmọ kan yóò sì tún un sọ ní Yorùbá, ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí yóò fi parí. Níbi tí ó bá ti ta kókó ni a ó ti mọ̀ pé ìtàn náà kò tíì yé e, nítorí pé ọmọ lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́, àfi kí ó kọ́kọ́ yé òun fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbìyànjú, kò sí èyí tí ó ṣiṣẹ́ tó èyí.

Òbí tí kò gbọ́ Látìn lè ran ọmọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kí ó ṣáà gbà kí ọmọ kọ́ òun. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí a ń rín ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, ọmọ mi ọkùnrin tí ó jẹ́ àgbà sọ fún mi pé "puella agricolam vocat" túmọ̀ sí pé ọmọbìnrin náà ń pe àgbẹ̀, àti pé bí mo bá gbé àgbẹ̀ síwájú tí mo ní "agricolam puella vocat", ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà, nítorí pé ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ ẹni tí ó pe ẹnì kejì. Mo ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Ó gbìyànjú rẹ̀, ó sì rí i pé bí òun bá gbé àgbẹ̀ síwájú, àgbẹ̀ ni ó ń pe ọmọbìnrin. Mo wá fi igbá, ìgbà àti igba hàn án, pé ohùn lásán ni èdè tirẹ̀ fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Yorùbá náà ní gírámà.

Ní ti ẹ̀sìn, Katikísmù, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ìbéèrè àti ìdáhùn, inú Ìwé Àdúrà ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀, "Kí ni orúkọ rẹ?", jẹ́ èyí tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè dáhùn. Ìbéèrè mìíràn tí àwọn ìyá máa ń bi mí ni bóyá ó yẹ kí ọmọ Kristẹni máa gbọ́ àlọ́ àti oríkì, tàbí kí ó máa ka ìtàn òrìṣà àwọn ará Gíríìsì tí ó wà nínú irú ẹ̀kọ́ yìí. Mo gbà pé ó yẹ, bí òbí bá jókòó tì í. Pọ́ọ̀lù fa ọ̀rọ̀ àwọn akéwì Gíríìkì yọ ní Áténì, bí a ti kà á nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlógún. Kò lè fa ohun tí kò mọ̀ yọ. Ọmọ tí a ń pa àlọ́ fún ní ìrọ̀lẹ́, tí ó mọ oríkì ìdílé rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ti ń ṣe iṣẹ́ ìpele àkọ́kọ́ kí ó tó wọ ilé-ìwé rárá.

Ìpele kejì ni ó nira jù fún àwa òbí Yorùbá, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Bí ọmọ bá ti tó ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ wa wò. Ilé-ìwé ń kọ́ ọ pé kí ó béèrè ìdí. Bí ó bá délé tí ó béèrè, a ó ní ó ń yájú. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ "ìwọ ń bá mi jiyàn?" lójoojúmọ́ yóò kọ́ láti máa dákẹ́ nílé, yóò sì lọ bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jiyàn lóde, níbi tí ẹni tí ó lè tọ́ ọ sọ́nà kò sí. Síbẹ̀, n kò lè gbà kí ọmọ mi máa dá àgbà lóhùn bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Àwọn baba wa ni ó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀wọ̀ àti ìbéèrè lè jọ gbé inú ilé kan. Nítorí náà a fi ìlànà kan lélẹ̀: ẹni tí ó bá fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ àgbà yóò kọ́kọ́ sọ pé "Ẹ jọ̀wọ́, mà", yóò tún ohun tí àgbà sọ sọ títí àgbà yóò fi gbà pé ohun tí òun wí nìyẹn, lẹ́yìn èyí ni yóò wá sọ tirẹ̀.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Mo ti sọ pé kò sí bọ́ọ̀lù gbígbá ní ọjọ́ Ìsinmi, nítorí pé Bíbélì ní kí a ya ọjọ́ náà sí mímọ́. Ọmọ mi àgbà tẹ̀lé ìlànà náà gẹ́lẹ́, ó wá bi mí bóyá bí bàbá wọn ṣe ń wakọ̀ padà sí ibi iṣẹ́ ní Èkó ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tẹ̀lé òfin kan náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ronú sí i. Mo padà sọ fún un pé ìsinmi àti ìjọsìn ni àṣẹ Ọlọ́run, pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù jẹ́ òfin ilé tèmi, àti pé yóò ṣì máa pa á mọ́ nítorí pé èmi ni ìyá rẹ̀. Ó gbà. Mo rò pé ó tún bọ̀wọ̀ fún mi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

A tún máa ń fi nǹkan ojoojúmọ́ kọ́ lọ́jíìkì. Obìnrin kan ní ọjà Òkè-Ajé búra fún mi pé gààrí tí òun ń tà jẹ́ ti Ìjẹ̀bú, nítorí pé ó kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo gbé e síwájú àwọn ọmọ: gbogbo gààrí Ìjẹ̀bú ni ó kan; gààrí yìí kan; nítorí náà, gààrí Ìjẹ̀bú ni. Wọ́n jẹ ọ́ lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́, kí ọmọ mi obìnrin tó sọ pé gààrí ibòmíràn náà lè kan bí wọ́n bá jẹ́ kí ó pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Irú àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń bá pàdé nínú ìwé wọn.

N kò fọwọ́ sí kí a máa fi pàṣán kọ́ ọmọ ní àkọ́sórí. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àti olùkọ́ ńlá nínú ìjọ àtijọ́, tí a bí ní ọdún 354 ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí ó di Algeria lónìí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín ẹ̀rín àti eré àwọn tí ó ń tọ́ òun ni òun ti kọ́ Látìn, ṣùgbọ́n òun kórìíra Gíríìkì nítorí ìhàlẹ̀ àti ìjìyà tí wọ́n fi kọ́ òun. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà bíi tiwa ni.

Ní ti ìpele kẹta, àwọn ọmọ mi kò tíì dé ibẹ̀ tán, nítorí náà ohun díẹ̀ ni mo lè sọ: ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ darí àdúrà ìdílé, kí ó máa fi ẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, kí ó sì máa kọ lẹ́tà sí àwọn ẹbí ní Yorùbá tí ó já gaara.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí yóò ní àwọn kò ní àkókò. Bàbá àwọn ọmọ mi kì í délé títí di alẹ́ Fúráìdeè, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ àkọ́sórí lórí fóònù ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, àwọn ọmọ kò sì jẹ́ gbàgbé ọjọ́ náà. Aládùúgbò wa kan tí ó ń ta aṣọ kò lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ kò sí alẹ́ tí kì í sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Jókòó, sọ ohun tí o kọ́ lónìí fún mi," kò sì ní jẹ́ kí ó dìde títí yóò fi yé òun. Mo ti gbọ́ tí ọmọ náà ń ṣàlàyé bí ilẹ̀ ṣe ń yí oòrùn po fún un, ní Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé.

Ní oṣù yìí, àbíkẹ́yìn mi ni ó ń kọ́ Orin Dáfídì kẹtàlélógún. Ní alẹ́ àná, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti bi í ní ìbéèrè ìyá mi. Ó rò ó díẹ̀, ó ní ọ̀gọ ni olùṣọ́ fi ń lé ìkookò, ọ̀pá ni ó sì fi ń fa àgùntàn padà sọ́nà. Ìyá mi, tí wọ́n jókòó lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wá bi í èwo nínú méjèèjì ni olùṣọ́ ń lò jù. Ó ní òun yóò ronú sí i kí òun tó dáhùn.