Ẹnu Tó Gbà Wá Lókè Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó ti Èkó, Ìlọrin àti Kàdúná wá, ẹ kú àbọ̀ sí Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́run tó kó yín wá yóò kó yín padà láyọ̀. Bàbá Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti pẹ́ nínú mi, ó sì ti di ẹrù.

Ọ̀pọ̀ yín gbà pé ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì la wá ṣe. Òótọ́ ni. Mo ti pé ọdún 65, òfin sì ti sọ pé ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ wa bàálù akérò bíi tiwa mọ́. Mo jáde láìkán lẹ́sẹ̀, láìfọ́ lójú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ mìíràn wà tí mo jẹ Ọlọ́run ní gbèsè, tí mo sì jẹ ènìyàn kan pẹ̀lú. Ìyẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ dúró síwájú yín.

Lálẹ́ àná, àwa mẹ́rin tí a jọ wa bàálù jókòó níwájú ilé bàbá mi. A jẹ iyán tán, a fọwọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sùn. Ọ̀rọ̀ bàálù kékeré kan báyìí la gbé sílẹ̀. Gbogbo wa ló ti wa ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ lẹ́yìn náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn yẹn. Bí ẹni ń rántí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ni.

Beech 1900D lorúkọ rẹ̀. Ìlú Wichita ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dún 2002. Èrò 19 ló ń gbà, ìjókòó kan lọ́wọ́ òsì, ìjókòó kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀nà tóóró láàárín, kò sí ẹni tí fèrèsé kò kàn. Nítorí pé èrò kò lé ní 19, òfin kò fi dandan lé e pé kí òṣìṣẹ́ kan wà lẹ́yìn láti máa tọ́jú wọn. Àwa méjì náà là ń ṣe gbogbo rẹ̀. Igbákejì awakọ̀ ni yóò kí wọn, tí yóò sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì, tí yóò fa ilẹ̀kùn sókè, torí àtẹ̀gùn bàálù náà ara ilẹ̀kùn ló wà. Láàárín àwa àti èrò, aṣọ ìkélé lásán ló wà nínú èyí tí à ń wà. Ẹ fi aṣọ ìkélé yẹn sọ́kàn fún mi, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ti ẹṣin 1,279, abẹ̀bẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ewé mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì àràmàǹdà ni. Apá ẹ̀yìn ló ti ń mí afẹ́fẹ́ sínú, iwájú, nítòsí abẹ̀bẹ̀, ló ti ń tu èéfín. Tí a bá balẹ̀ nírọ̀lẹ́, dúdú èéfín á ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Ọ̀kan nínú wa rántí bí ooru ṣe máa ń pa wá ní pápá Wàrí kí ẹ́ńjìnnì tó gbiná, tí òógùn á máa kán sórí ìwé àyẹ̀wò. Èkejì rántí ẹrù: yàrá ẹrù wà lẹ́yìn, ó sì gbàyè, tí a kò bá ṣọ́ra, ìdí á wúwo ju orí lọ. A máa ń wọn àpò, a máa ń kà á, nígbà mìíràn a máa bẹ àwọn èrò kan kí wọ́n sún síwájú. Ẹ̀kẹta kàn na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ọwọ́ yìí ló wà á." Òótọ́ ló sọ. Èyí tí à ń wà kò ní ẹ̀rọ tó ń wa ara rẹ̀. Láti ìgbà tí a bá ti gbéra títí a ó fi balẹ̀, ọwọ́ ènìyàn wà lára rẹ̀. Ẹ bi mí bí èjìká mi ṣe máa ń rí lálẹ́.

Nígbà tó yá, ọ̀kan dárúkọ Bebi, gbogbo wa sì dákẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, irú bàálù yìí kan gbéra l'Ékòó, ó ń lọ sí pápá kékeré Bebi lẹ́bàá Òbúdú. Kò débẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kú. Ó lé ní oṣù márùn-ún kí àwọn ọdẹ tó rí àwókù rẹ̀ nínú igbó orí òkè. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́run kó máa tu àwọn ará ilé wọn nínú.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé n kò lè tún gbé ọ̀rọ̀ mi mì mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni. A ti fò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà kí a tó dé Àkúrẹ́ lọ́sàn-án. Èrò 15 la fẹ́ gbé lọ sí Èkó. Igbákejì mi jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria bíi tèmi, nílé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfuurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ọmọ tó mọ̀wé, tó tún mọ̀wàá hù. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni Kápẹ́tìn Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ti jáde, òun náà ló tún padà di olórí ibẹ̀. Nítorí náà, obìnrin nínú yàrá awakọ̀ kì í ṣe ohun tuntun sí mi. Ohun tó jẹ́ tuntun sí mi ni kí ọmọdé sọ fún mi pé mo ṣìnà.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, géèjì ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ti ń ṣe ségesège. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bàálù, àwọn ẹnjiníà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún un ṣe, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọkàn tèmi kò fọwọ́ sí i. Lójoojúmọ́ ni mò ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ti ọ̀tún yẹn. Mo ti dá a lẹ́bi kí ó tó ṣẹ̀.

A gbéra. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbéra l'Àkúrẹ́, mo máa ń wo apá ibi tí òkè Òrólé àti òkè Olósùnta wà, kí n fi ojú kí ìlú mi. Lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ ti bò wọ́n. A kò tíì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 600 lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́: agbára rẹ̀ á lọ, á padà, á tún lọ. Ká ní ó kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, ẹ̀rọ kan wà tí ì bá ti yí ewé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má baà máa fà wá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò kú, kò sì yè. Imú bàálù yà sí òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ láti fa imú rẹ̀ padà kí n tó ronú.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wa bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ni pé ẹsẹ̀ tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe, ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló ń ṣiṣẹ́. Ti òsì wà lásán. Mo ti fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ará, ọwọ́ mi lọ sórí lífà tó ń darí agbára ẹ́ńjìnnì ọ̀tún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn.

Ká ní mo fà á dópin, inú igbó kòkó ni àwa 17 ì bá já sí.

Gẹ̀ẹ́sì la máa ń sọ nínú yàrá awakọ̀. Igbákejì á ní "Sà", á sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun tó bá rí. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọbìnrin yìí di ọwọ́ mi mú, ó sì figbe bọnu ní Yorùbá: "Bàbá! Ẹ fi í sílẹ̀! Òsì ni! Òsì ni!"

Kò pè mí ní bàbá rí.

Ọwọ́ mi dúró. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo géèjì, mo rí i. Mo ti lífà ọ̀tún padà síwájú, a fa ti òsì, a jọ wò ó, a jọ sọ ọ́ lẹ́nu pé òun ni, a yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kó fẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́, a sì pa á. Ti ọ̀tún tó kù ló gbé wa yípo. Èyí tí mo fẹ́ pa gan-an ló gbé wa padà sí Àkúrẹ́. Nígbà tí táyà kan ilẹ̀, n kò gbọ́ ariwo èrò, n kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ohùn ọmọ yẹn tó ṣì ń dún létí mi.

Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń pè mí ní akọni, bàbá kan fi fìlà rẹ̀ nù mí lójú. Mo gbà gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan wà tó jókòó síwájú pátápátá, lẹ́yìn aṣọ ìkélé yẹn. Ará Èkìtì ni, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó kọjá lára mi, ó lọ síbi tí igbákejì mi dúró sí, ìyá àgbàlagbà yìí sì kúnlẹ̀ fún un lórí kọnkéré gbígbóná. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu tó o fi sọ̀rọ̀ yìí kò ní kan láéláé." Ó ti gbọ́. Òun nìkan nínú gbogbo èrò ló mọ ẹni tó gbà á là.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, torí òun ni ẹrù tí mo gbé dé iwájú pẹpẹ yìí. Nígbà tí mo kọ ìwé ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, mo kọ ọ́ pé a rí i pé ẹ́ńjìnnì òsì ló bàjẹ́, a sì pa á. "A." Mo fi "a" bo ọwọ́ ara mi mọ́lẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Mo lọ bá àwọn tó ń pín iṣẹ́, mo ní kí wọ́n má fi igbákejì mi yẹn àti èmi sínú bàálù kan mọ́. N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó ti fọwọ́ kan àgbà. A máa ń sọ ọ́ nínú ilé wa pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọdé bá fi ọgbọ́n tirẹ̀ hàn lójú wa, báwo la ṣe ń ṣe é? Èmi mọ bí mo ṣe ṣe é.

Ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bí ó bá pàdé mi ní pápá, á kí mi bí ó ti ń kí mi tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2015 ni bàálù ATR 72 kan já sínú odò nílùú Taipei, ní Taiwan. Ènìyàn 58 ló wà nínú rẹ̀, 43 kú. Mo wo fídíò rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, bí ó ti dà sí ẹ̀gbẹ́, tí apá rẹ̀ gbá afárá. Nígbà tí ìwádìí jáde, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì kan ló kọṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbéra, awakọ̀ sì pa èkejì, èyí tó dára. Ìyàwó mi bá mi lórí ilẹ̀ yàrá. Ó rò pé àìsàn ló kọlù mí. Lọ́jọ́ yẹn ni mo sọ fún un, òun ni ẹni àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà, kí n tó gbéra pẹ̀lú igbákejì èyíkéyìí, mo máa ń sọ fún un pé: "Tí ọwọ́ mi bá ṣìnà, pariwo. Má wo irun funfun. Dì mí lọ́wọ́ mú." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín ìtìjú. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n tún un sọ fún mi títí á fi dá mi lójú. Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, n kò pè é. Ìtìjú àgbà, ó le. Oṣù tó kọjá ni mo tó tẹ̀ ẹ́ láago. Mo tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ pẹ́, mo rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló já. Ló wá ní, "Sà, ẹ̀rù bà mí ju bí ó ṣe ba yín lọ. Mo rò pé ẹ máa lé mi níṣẹ́, mo sì sọ fún ara mi pé ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n lé mi láàyè."

Olúwa, mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí mi. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí àwọn 15 tó wà lẹ́yìn wa, àti ti ìyá tó kúnlẹ̀. Mo dúpẹ́ pé O fi ohùn sí ọmọ kékeré lẹ́nu, O sì fún un ní ìgboyà tí èmi tí mo tó bí i lọ́mọ kò ní títí di òní.

Ó wà láàárín wa. Ó wọ mọ́tò láti Èkó lánàá, ó jókòó ní ìjókòó kẹta lọ́wọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi. Òun náà ti di kápẹ́tìn, ọ̀já mẹ́rin ló wà léjìká rẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ìwọ" ni mò ń pè é.

Kápẹ́tìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde dúró. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ rí yín.