Báàgì Tí Omi Kì Í Jò Nínú Ẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ tì mí lójú, àmọ́ mo ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tán, ó ku tiyín.

Mo ń wá báàgì tí mo lè gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí màá máa kó kọ̀ǹpútà àti ìwé mi sí, tí òjò ò ní lè wọ̀. Mo bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ọ̀kan. Ó dúdú, ó ń dán, ìràwọ̀ 4.8 nínú 5 ló ní, àwọn tó ti rà á tí wọ́n ń ròyìn ẹ̀ sì lé ní 2,000. Èmi tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìsí ẹlẹ́rìí, ta ni màá tún bi níbi tí ẹlẹ́rìí ti tó ẹgbẹ̀rún méjì?

Síbẹ̀, mo ka díẹ̀, kí wọ́n má baà ní ojú ń kán mi. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Omi kì í jò nínú ẹ̀ rárá." Mo mi orí. Ẹnì kejì ní, "Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò fọ́." Ibí yìí ló yẹ kí n ti dúró bi ara mi pé báàgì wo ló ń fọ́, àmọ́ mo ní ẹni yẹn kàn ń fẹnu dárà ni. Ẹnì kẹta ní ìdérí ẹ̀ ló wu òun jù. Mo rà á.

Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ pa èmi àti báàgì mi, ńṣe ni mò ń yan. Àwọn èèyàn ń sá kiri, mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú mi. Mo délé, mo fa síìpù, omi ló kí mi káàbọ̀. Kọ̀ǹpútà ti lúwẹ̀ẹ́, ìwé mi ti rọ̀ bí òwú. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ilẹ̀ tí mo gbé báàgì lé gbẹ táútáú. Omi wọlé, ẹ̀kán kan ṣoṣo ò jáde.

Àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń kà á lọ sísàlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ka èyí? 'Mo rọ omi gbígbóná sí i láàárọ̀, ó ṣì ń jó mi lẹ́nu lálẹ́.' Fúláàsì ni gbogbo wọn ń sọ!"

Fúláàsì! Ẹni tó ń tajà ti yọ àwòrán àti orúkọ fúláàsì kúrò, ó fi ti báàgì sí i, ó wá fi ìràwọ̀ oníràwọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Àṣé ọgbọ́n náà ti wà tipẹ́. Ní 2023, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, gba 600,000 dọ́là lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ onívítámì kan tó da ìràwọ̀ ọjà tó ti lókìkí pọ̀ mọ́ ti ọjà tuntun. Ní 2024, wọ́n tún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ra ìyìn ayédèrú tàbí kó tà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ni kí n mú nínú tèmi? Nínú gbogbo èrò yẹn, mi ò rí òpùrọ́ kan.

Mo fìbínú kọ tèmi náà. Mo fún un ní ìràwọ̀ kan péré, mo wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Omi tó bá wọ inú ẹ̀ ò ní jáde mọ́!"

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, èèyàn 14 ti tẹ̀ ẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi wúlò fún àwọn. Ẹnì kan sì béèrè nísàlẹ̀ ẹ̀ pé: "Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ó gba lítà méjì?"