Ohùn Bàbá wa tó lọ sógun Biafra

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jagun Biafra, ìwé ìbéèrè ni mo kó dání: ọdún wo lẹ wọṣẹ́ sójà, ta lọ̀gá yín, ibo lẹ ti jà? Bàbá jókòó gbọn-in bí ẹni tó wà níwájú ọ̀gá, wọ́n ń dá mi lóhùn ṣókí ṣókí. 1967. Third Marine Commando, ẹ̀ka kan lára sójà ìjọba àpapọ̀. Adékúnlé, Black Scorpion. Bonny, lẹ́yìn náà Port Harcourt ní 1968. Ó tán. Ìṣẹ́jú 11 péré, gbogbo ẹ̀ ló sì ti wà nínú ìwé ìtàn, kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe wọkọ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì mo pa ìwé yẹn tì. A ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo wá ní "Bàbá, kí lẹ̀ ń jẹ lójú ogun?" Háà! Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní gààrí ni, omi àbàtà tó níyọ̀ nínú làwọn fi ń rẹ ẹ́, kò sí ṣúgà kò sẹ́pà, bàtà kì í gbẹ lẹ́sẹ̀ àwọn láti àárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n gbà dédìí ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ń pín sìgá mu, wọ́n dárúkọ ẹ̀, wọ́n sì dákẹ́.

Ẹnu ń yún mi láti bèèrè nǹkan míì, àmọ́ Ìyá, ìyàwó wọn, fojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Òjò lórí páànù nìkan lẹ máa gbọ́ níbẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú méjì, kí Bàbá tó sọ pé látìgbà tógun ti parí ní January 1970, àwọn ò lè lọ kí ìyá ọ̀rẹ́ àwọn, torí àwọn ò mọ ohun táwọn máa sọ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá nírú bàbá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ tètè lọ bá wọn. Àwọn tó lọ ogun Bọ́mà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Isaac Fadoyebo ará Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀, táwọn sójà Japan yìnbọn fún ní 1944, táwọn ará abúlé kan ní Bọ́mà bọ́ tí wọ́n sì fi pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí pé òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú ní 2012 la fi mọ̀ ọ́n. Mélòó ni ò kọ tiwọn? Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1967 sì ti ń lọ sí 80 báyìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ pa fáànù, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ fi fóònù sí flight mode, ẹ gbé e lé orí aṣọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè ìlú wọn sọ ọ́, ẹ má fi Yorùbá iléèwé tún un ṣe fún wọn rárá.

Nígbà tí mo padà lọ, Bàbá ní kí n jẹ́ káwọn gbọ́ ohùn àwọn. Tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n á ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n tún ní kí n dá a padà.